Mo fẹ́ fi voile rán búláòsì ìgbà ooru láti inú pátánì: sáìsì wo ni kí n gé?

Àbẹ̀kẹ́_Peckham

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ra pátánì bébà kan, ìyẹn bébà tí wọ́n ya ègé ẹ̀wù sí kí èèyàn lè fi gé aṣọ, búláòsì ni: ọrùn róbótó, apá kúkurú tí wọ́n rán mọ́ ihò apá, dáàtì kan (ìṣẹ́po tí wọ́n rán kí ọmú lè ráyè) ní ẹ̀gbẹ́ àyà lọ́tùn-ún lósì. Ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ là díẹ̀, bọ́tìnnì kan ló sì máa dé e. Kò ní síìpù. Aṣọ tí mo fẹ́ fi rán an ni cotton voile tí mo rà ní Goldhawk Road, ọ̀pá méjì, íǹṣì 45 ni fífẹ̀ rẹ̀. Ó fẹ́lẹ́ débi pé tí mo bá ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, mò ń rí ìka mi.

Ohun tó dà mí láàmú nìyí. Ní ṣọ́ọ̀bù, 14 ni mò ń wọ̀. Ẹ̀yìn àpò pátánì yìí ní ẹni tí àyà rẹ̀ bá jẹ́ íǹṣì 36 ni 14, ẹni 38 ni 16, ẹni 40 ni 18. Èmi rèé: àyà 40, òkè àyà, ìyẹn tí téèpù bá gba abẹ́ abíyá kọjá lókè ọmú, 36, ìbàdí 33, ìdí 43. Ṣé 18 ni kí n gé lóòótọ́? Mo ti rán síkẹ́ẹ̀tì rí, mo ti rán ìrọ̀rí, ṣùgbọ́n n kò tíì rán ohun tó ní apá. Ibi iṣẹ́ ni mo fẹ́ máa wọ̀ ọ́ lọ, kò gbọdọ̀ rí bí ẹ̀wù àyálò lọ́rùn mi.

Ìbéèrè kejì: báwo lẹ ṣe ń parí inú aṣọ tó fẹ́lẹ́ tó báyìí? N kò ní máṣíìnì wífíìnì, èyí tó ń di etí aṣọ kó má tú.

Dúdúyẹmí_Èkó

Ooru wo lẹ ní ní London ná? Ẹ wá dúró ní Oṣòdì lọ́sàn-án oṣù kẹta kẹ́ ẹ tó máa sọ̀rọ̀ ooru 😂

Àbẹ̀kẹ́_Peckham

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi wá ṣẹ̀sín. Lọ́jọ́ 19 oṣù keje ọdún 2022, ooru dé 40.3 lórí ìwọ̀n Celsius ní Coningsby níbí. Ilé tí wọ́n kọ́ nítorí òtútù là ń gbé, ooru tó bá ti wọlé kì í fẹ́ jáde mọ́. Kò sí fáànù lókè àjà, kò sí ẹ́sì. Aṣọ ọrùn wa nìkan la lè tún ṣe.

BàbáTélọ̀_Mókọ́lá

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Inú mi dùn pé o ń fi ọwọ́ ara rẹ rán aṣọ. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí o ń fi póùn ra bébà? Ọ̀pá méjì voile, bùbá ló yẹ ẹ́. Ṣẹ́ aṣọ po lóròó, tún ṣẹ́ ẹ po níbùú, ó di ìṣẹ́po mẹ́rin. Pín àyà 40 sí mẹ́rin, ó di 10. Fi íǹṣì 3 lé e kí ara lè mí, gé e lọ sísàlẹ̀ gbọọrọ, so apá mọ́ ọn ní ẹ̀gbẹ́. Kò sí ojú rírán ní èjìká, kò sí dáàtì, kò sí ihò apá tí ó máa yọ ẹ́ lẹ́nu. Atẹ́gùn á máa gba inú rẹ̀ kọjá.

Àwọn ìyá wa kò mọ 14, wọn kò mọ 18, aṣọ sì bá wọn lára mu. Láti ìgbà tí mo ti gba fìríìdọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi, téèpù, ṣọ́ọ̀kì àti sísọ́ọ̀sì ni. Mi ò fi bébà lé aṣọ rí.

Tóyìn_Arẹwà

Bàbá ti dé 🙌 Frííhándì fún ìjọba!

Sẹ́gilọlá_Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ sà, Bàbá. A mọ ọwọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó wà ní Peckham kò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín, kò sì sí ẹni tí yóò dúró tì í nígbà tí ó bá ń gé. Bébà ló máa dúró tì í. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, kì í ṣe àwọn tí kò mọ iṣẹ́ ló dá pátánì sílẹ̀. Télọ̀ ni Ebenezer Butterick, ní Sterling, ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà. Ọdún 1863 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ta pátánì bébà tó ní sáìsì oríṣiríṣi, kí ẹni tó jókòó sílé lè gé aṣọ fúnra rẹ̀. Télọ̀ ẹgbẹ́ yín ni.

Nípa bùbá: mo fẹ́ràn bùbá, ṣùgbọ́n ẹ wọ káàdígàànù sórí rẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó. Gbogbo apá rẹ̀ á kó jọ sí abẹ́ abíyá. Ó ní ibi iṣẹ́ lòun ń wọ̀ ọ́ lọ.

BàbáTélọ̀_Mókọ́lá

Ta ló ń wọ káàdígàànù nínú ooru?

Àbẹ̀kẹ́_Peckham

Ọ́fíìsì wa ní ẹ́sì sà 😅 Ilé ni kò ní.

Ìyá_Ìbejì_Houston

Ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí, ọmọ yìí béèrè ọ̀rọ̀ o. Ẹ jẹ́ kí n dá a lóhùn.

Àbẹ̀kẹ́, má jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn bí ẹ nínú. Sáìsì pátánì àti sáìsì ṣọ́ọ̀bù kò jọ rìn. Àwọn ṣọ́ọ̀bù ti ń fẹ̀ wọ́n lójú sí i lọ́dọọdún kí inú oníbàárà lè dùn, àwọn tó ń ṣe pátánì kò bá wọn lọ. Bí o bá gé 14 nítorí pé 14 lò ń rà, kò ní wọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n má gé 18 náà. Èyí ni ohun tí wọn kò kọ sẹ́yìn àpò: púpọ̀ nínú àwọn pátánì wọ̀nyí, ẹni tí àyà rẹ̀ fi íǹṣì 2 ju òkè àyà rẹ̀ lọ ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n. Tìrẹ fi 4 jù ú lọ. Tí o bá tẹ̀lé 40, ọmú á wọlé, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èjìká á fẹ̀ jù, ọrùn á máa yọ̀ ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan, bùréṣíà á sì máa yọjú. Èjìká àti ọrùn ló ṣòroó tún ṣe jù lọ lára ẹ̀wù, àyà rọrùn láti fẹ̀. Torí náà, mú òkè àyà rẹ, 36, fi 2 lé e, ó di 38. 16 ni kí o gé. Íǹṣì 2 tó kù fún àyà, a ó wá ibi tí a máa gbà fi kún un.

Kí o tó ṣe ohunkóhun, wá àmì kan lára bébà iwájú ẹ̀wù: róbótó kékeré tí àgbélébùú wà nínú rẹ̀, ní ìlà àyà. Wọ́n á kọ nọ́ńbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀wù tí wọ́n ti rán parí ni nọ́ńbà yẹn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, kì í ṣe ara rẹ. Sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi.

Àbẹ̀kẹ́_Peckham

Mo rí i, àǹtí! 16 jẹ́ 44½, 18 jẹ́ 46½. Ìdí fún 16 jẹ́ 46.

Tóyìn_Arẹwà

Ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Àyà rẹ 40, ẹ̀wù 44½. Íǹṣì mẹ́rin ààbọ̀ ni ìfàyèsílẹ̀, kí lo tún ń wá? Gé 16 bó ṣe wà.

Ìyá_Ìbejì_Houston

Tóyìn, fífẹ̀ nìkan kọ́ ni. Ọmú ń jẹ gígùn aṣọ pẹ̀lú. Aṣọ iwájú ní láti gun orí ọmú kó tó sọ̀ kalẹ̀, èyí tó bá lò lókè kò ní sí nísàlẹ̀ mọ́. Wàá rí i pé etí ẹ̀wù ga níwájú, ó relẹ̀ lẹ́yìn, ìlà dídẹ sì wà láti orí ọmú lọ sí ẹ̀gbẹ́. Nínú ankara tó le, o lè má tètè rí i. Voile kò ní bò ọ́ láṣìírí.

Ẹ̀wù ìdánwò ló máa sọ òótọ́. Wá bẹ́díṣíìtì gbígbó tó ti fẹ́lẹ́, gé iwájú àti ẹ̀yìn nìkan, fi ojú rírán gígùn so wọ́n, wọ̀ ọ́, kí ẹnì kan ya fọ́tò rẹ láti ẹ̀gbẹ́. Má lo ankara fún ìdánwò yìí o.

BàbáTélọ̀_Mókọ́lá

Ìyá Ìbejì, ìwọ mọ iṣẹ́. Ibi tí o ń lọ ni mo ti ń dúró dè yín. Àbẹ̀kẹ́, téèpù dà? Gbogbo ìwọ̀n tí o kọ sókè yẹn, ìwọ̀n yíyíká ara ni. Kò sí èyí tó sọ ibi tí ọmú wà. Tí obìnrin bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi, kí n tó mú ṣọ́ọ̀kì: èjìká dé orí ọmú, èjìká dé abẹ́ ọmú, orí ọmú kan sí èkejì, èjìká dé ìbàdí. Ẹni tí àyà rẹ̀ jẹ́ 40 lè ga lọ́mú, ó lè relẹ̀. Wọ bùréṣíà tí o máa wọ̀ sábẹ́ rẹ̀, kí o wọn wọ́n fún mi.

Àbẹ̀kẹ́_Peckham

Sà, èjìká dé orí ọmú, 11. Orí ọmú sí orí ọmú, 8½. Èjìká dé abẹ́ ọmú, 14.

BàbáTélọ̀_Mókọ́lá

Wọn bébà rẹ náà. Láti ojú rírán èjìká, má ka àláwáǹsì, ìyẹn etí tó kọjá ojú rírán, mọ́ ọn, dé ibi tí ẹnu dáàtì ń tọ́ka sí.

Àbẹ̀kẹ́_Peckham

9½ sà.

BàbáTélọ̀_Mókọ́lá

Ẹ rí i. Íǹṣì kan ààbọ̀ ló fi ga jù. Orí ọmú rẹ àti dáàtì rẹ kò ní pàdé ara wọn. Fi rúlà yí dáàtì yẹn ká bí àpótí lórí bébà, gé àpótí náà jáde, fà á wá sísàlẹ̀ ní íǹṣì kan ààbọ̀, lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, fi bébà mìíràn di ihò tó fi sílẹ̀ lókè. Má sì jẹ́ kí ẹnu dáàtì dé orí ọmú gan-an. Kó ku íǹṣì kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ aṣọ á ṣẹ́nu ṣóńṣó níbẹ̀, pàápàá aṣọ fẹ́lẹ́.

Sẹ́gilọlá_Ìbàdàn

Bàbá, ẹ ti ń fi bébà ṣiṣẹ́ báyìí o 😄

BàbáTélọ̀_Mókọ́lá

Bébà tirẹ̀ ni, kì í ṣe tèmi.

Dérónkẹ́_Àkúrẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà fẹ́ rán irú ẹ̀ ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọ́n ti ń ta pátánì bébà lọ́dọ̀ wa. Mo rí èyí tí wọ́n ń tà ní PDF. Ṣé mo lè tẹ̀ ẹ́ jáde ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà?

Sẹ́gilọlá_Ìbàdàn

O lè ṣe é dáadáa, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń ṣe é. Ohun kan ṣoṣo ló máa ń ba ti PDF jẹ́: ẹni tó ń bá ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde á jẹ́ kí kọ̀ǹpútà dín in kù kó lè gba ojú bébà. Dúró tì í. Sọ fún un pé 100% lo fẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn pátánì yìí ní ojú-ewé A4 àti ti Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Letter lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. A4 ni kí o mú, òun ni bébà tó wà lọ́dọ̀ wa. Letter fẹ̀ jù ú lọ díẹ̀, ó sì kúrú sí i, ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í fún nǹkan pọ̀.

Ojú-ewé àkọ́kọ́ nìkan ni kí o kọ́kọ́ tẹ̀. Àpótí onígun mẹ́rin kan wà níbẹ̀ fún wíwọ̀n, wọ́n á kọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú rẹ̀. Fi rúlà wọ̀n ọ́n. Tó bá fi díẹ̀ báyìí dín, má san owó ìyókù. Díẹ̀ lórí àpótí kékeré, tí o bá fi yí àyà ká, ẹ̀wù kò ní wọlé mọ́.

Àti pé kí o ka ìwé ìtọ́ni bóyá àláwáǹsì ti wà nínú rẹ̀. Simplicity, McCall's, Butterick àti Vogue máa ń fi íǹṣì 5/8 sínú pátánì wọn. Èyí tó ń bá ìwé ìròyìn Burda wá kì í ní in, ìwọ lo máa fi kún un.

Dérónkẹ́_Àkúrẹ́

Ẹ ṣé gan-an mà.

Ọmọ_Ìtòkú

Ẹ̀yin tó bá fẹ́ fi àdìrẹ rán irú búláòsì yìí, mo ní ọ̀rọ̀ díẹ̀. Kì í ṣe gbogbo èyí tí ẹ bá rí ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, ló bá pátánì báyìí mu. Èyí tí wọ́n ṣe sórí bùrókéèdì le jù, apá rẹ̀ á dúró gẹ̀ẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè èyí tó wà lórí cotton fẹ́lẹ́. Ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ nínú omi tútù títí omi á fi mọ́, ẹ lọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ tó gé e. Cotton ń sún kì nígbà àkọ́kọ́ tó bá rí omi, ó sàn kó sún kì kó tó di ẹ̀wù. Voile Àbẹ̀kẹ́ náà ń kọ́? Ṣé ó ti rí omi?

Ọ̀rọ̀ kan tún kù. Tí àwòrán ara aṣọ bá ní orí àti ìdí, bí Ìbàdàndùn, àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n ya òpó gbọ̀ngàn Mápó sí, gbogbo ègé pátánì gbọ́dọ̀ kọ orí sí ọ̀nà kan. Ìyẹn máa ń jẹ aṣọ sí i, ẹ ra ju ohun tí àpò pátánì sọ lọ. Bùbá ìṣẹ́po mẹ́rin tí Bàbá júwe, tí kò ní ojú rírán ní èjìká, ẹ má fi Ìbàdàndùn gé e o. Mápó á dúró níwájú, á dorí kodò lẹ́yìn.

BàbáTélọ̀_Mókọ́lá

Ìyẹn dájú. Aṣọ tó lórí, à ń la èjìká rẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́_Peckham

Voile mi ti rí omi, mo sì ti lọ̀ ọ́. Ẹ ṣé tí ẹ béèrè.

Ẹ̀wù ìdánwò ti jáde. Mo fa dáàtì wá sílẹ̀ bí Bàbá ṣe sọ, ó bọ́ síbi tó yẹ. Èjìká 16 dúró sójú èjìká mi gan-an. Ṣùgbọ́n àǹtí Houston, òótọ́ lẹ sọ: etí iwájú gùn ju ti ẹ̀yìn lọ lórí bébà, lára mi ó ga ju ẹ̀yìn lọ bí íǹṣì kan. Ìdí kò fún mi rárá. Kí ni kí n ṣe sí iwájú?

BàbáTélọ̀_Mókọ́lá

Fi íǹṣì kan kún ìsàlẹ̀ iwájú láàárín, jẹ́ kó máa tín-ín-rín lọ sí ẹ̀gbẹ́. Tán.

Ìyá_Ìbejì_Houston

Ti Bàbá á ṣiṣẹ́, ẹ̀wù náà kò fún ẹ. Èyí tí èmi ń ṣe gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n tí o bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan sórí bébà, gbogbo búláòsì tí o bá fi pátánì yẹn rán lẹ́yìn èyí á bá ẹ mu.

Má gé pátánì fúnra rẹ̀, da iwájú rẹ̀ kọ sórí bébà mìíràn. Fi àmì sí ibi tí orí ọmú rẹ bọ́ sí. Láti ibẹ̀, fa ìlà kan sọ̀ kalẹ̀ tààrà dé etí ẹ̀wù, kó dọ́gba pẹ̀lú ọfà gígùn tó wà lára pátánì. Fa èkejì láti orí ọmú gòkè lọ sí ihò apá, kó kan ihò apá lápá ìsàlẹ̀. Fa ẹ̀kẹta láti ẹ̀gbẹ́, kó gba àárín dáàtì wá sí orí ọmú. Wá gé e láti ìsàlẹ̀ dé orí ọmú, má gbé sísọ́ọ̀sì sókè, yà sí ìlà ihò apá, ṣùgbọ́n dúró kó tó já, kí bébà ṣì so bíńtín. Gé ti dáàtì náà, kí òun náà so bíńtín ní orí ọmú.

Báyìí, ṣí i. Kí àlàfo tó wà ní orí ọmú jẹ́ ìdajì íǹṣì. Lóòótọ́ íǹṣì kan gbáko ló yẹ kí ó kan ìdajì iwájú kọ̀ọ̀kan, tórí 2 la ń wá, ṣùgbọ́n ẹ̀wù rẹ ti fẹ̀ dé 44½ tẹ́lẹ̀. Tí o bá fi gbogbo ẹ̀ kún un, á di àgọ́. Bí o ṣe ń ṣí i ni dáàtì á máa fẹ̀ fúnra rẹ̀, tí ẹ̀gbẹ́ kan ìsàlẹ̀ á sì gùn ju èkejì lọ. Gé èyí tó kúrú ní ìbú, fà á wálẹ̀ kí wọ́n bára dọ́gba. Gígùn tí ọmú rẹ ń jẹ nìyẹn. Fi bébà àti sẹ́lótéèpù di gbogbo àlàfo.

Ẹ̀yìn, má fọwọ́ kàn án.

Tóyìn_Arẹwà

Orí mi ń yí. Èmi á ṣe ti Bàbá.

Àbẹ̀kẹ́_Peckham

Mo ṣe ti àǹtí lórí bébà, mo tún gé bẹ́díṣíìtì. Etí rẹ̀ tẹ́jú roboto yíká. Mo ti fẹ́ gé voile, ṣùgbọ́n ó ń yọ̀ kiri lórí tábìlì. Mo sì fi ègé kékeré dán máṣíìnì wò, ó gbé aṣọ mì bí ewúrẹ́ ṣe ń gbé èèpo iṣu mì. Ìdí ojú rírán ló ti ń bẹ̀rẹ̀, aṣọ á wọ ihò lọ, òwú á di kókó.

BàbáTélọ̀_Mókọ́lá

Irú máṣíìnì wo ni? Ṣé oní-kọ̀ǹpútà?

Àbẹ̀kẹ́_Peckham

Bẹ́ẹ̀ ni sà. Ó ń ṣe sígísáàgì, ó ń ya òdòdó.

BàbáTélọ̀_Mókọ́lá

Òdòdó yẹn ló fa á. Nítorí kí abẹ́rẹ́ lè ya sọ́tùn-ún sósì, wọ́n la ihò àwo irin tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ fẹ̀ gbooro. Aṣọ fẹ́lẹ́ bá abẹ́rẹ́ wọ inú ihò náà. Butterfly ẹlẹ́sẹ̀ tèmi, ihò rẹ̀ kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, ọ̀nà tààrà nìkan ló mọ̀, voile kò rí ibi wọ̀. Ìwé ìtọ́ni máṣíìnì rẹ á sọ bóyá àwo onihò kékeré wà fún un. Rà á tó bá wà. Tí kò bá sí, tẹ́ bébà pẹlẹbẹ kan sábẹ́ aṣọ, rán wọn pọ̀, ya bébà kúrò. Di òwú méjèèjì mú sẹ́yìn nígbà tí o bá ń bẹ̀rẹ̀. Má bẹ̀rẹ̀ létí gan-an.

Sẹ́gilọlá_Ìbàdàn

Mo fi kún ti Bàbá: wo abẹ́rẹ́ rẹ. Tó bá jẹ́ 90/14 tí o fi rán síkẹ́ẹ̀tì ló ṣì wà níbẹ̀, ó nípọn jù, á máa lu aṣọ nihò. 70/10 tàbí 60/8, kó jẹ́ tuntun. Gígùn ojú rírán, 2.

Fún gígé: tẹ́ bẹ́díṣíìtì sórí tábìlì kí voile lè dì mọ́ ọn. Má jẹ́ kí etí aṣọ rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, wíwúwo rẹ̀ á fà á wọ́. Kí ọfà pátánì àti etí aṣọ tí wọ́n hun dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọn ọ́n ní ojú méjì. Má fi píìnì gún àárín aṣọ, inú àláwáǹsì nìkan.

Àbẹ̀kẹ́_Peckham

90/14 ló wà níbẹ̀ lóòótọ́ 🙈 Mo ti pààrọ̀ rẹ̀ sí 70/10, mo sì fi bébà sábẹ́. Ó ń lọ geere. Ó ku bí mo ṣe máa parí inú rẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Houston

Ojú rírán Faransé. Kò nílò wífíìnì, ohun tó sì ń hàn láti ìta á mọ́ tónítóní. Kọ ẹ̀yìn aṣọ sí ẹ̀yìn aṣọ, ìyẹn ni pé ojú rẹ̀ tó dáa wà níta, rán an ní ¼ íǹṣì sí etí. Rẹ́ àláwáǹsì náà ku 1/8. Lọ̀ ọ́ kó là, yí aṣọ padà kí ojú kọ ojú, lọ ẹnu rẹ̀ kó mú, rán an lẹ́ẹ̀kejì ní 3/8. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 5/8 tí pátánì fún ẹ, o ò jẹ ju ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ. Èjìká àti ẹ̀gbẹ́ ni kí o ṣe bẹ́ẹ̀ sí.

Fífi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ láàárín ìrán kan sí èkejì ni iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá fò ó, inú ẹ̀wù rẹ̀ á máa yọ òwú jáde láti ojú rírán kejì, kò sì sí ohun tó lè ṣe sí i mọ́ àfi kó tú u.

Apá ẹ̀wù: má dúró títí ẹ̀gbẹ́ á fi di kó o tó so apá. Rán èjìká tán, tẹ́ ẹ̀wù sílẹ̀ pẹrẹsẹ, so apá mọ́ ihò apá nígbà tí ẹ̀gbẹ́ ṣì ṣí, kí o wá rán abẹ́ apá àti ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Orí apá fi díẹ̀ ju ihò lọ, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀. Rán ìlà méjì onígùn 4 sínú àláwáǹsì orí apá, fa òwú rẹ̀ jẹ́jẹ́ títí á fi gba ihò, pín in kiri kó má kó jọ sójú kan. Níbẹ̀ nìkan, má ṣe ojú rírán Faransé. Ó ta kọ̀rọ̀ jù. Rẹ́ ẹ kù, ṣe sígísáàgì sí i létí.

Àbẹ̀kẹ́_Peckham

Ọrùn ń kọ́? Pátánì ní kí n fi ìtẹ́lẹ̀ ọrùn tó ní gọ́ọ̀mù sítéè, èyí tó ń mú aṣọ le, sí i, ṣùgbọ́n mo gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó ń hàn roboto bí ẹni tó wọ béèbù.

Tóyìn_Arẹwà

Jù ú nù. Gé bàyáàsì, ọ̀já aṣọ tí a gé ní ìdabú.

Ìyá_Ìbejì_Houston

Ohun tí Tóyìn sọ ni. Ṣùgbọ́n kó o tó ṣe ohunkóhun sí ẹ̀wù náà, kódà kó o tó rán dáàtì, rán ìlà kan yí ọrùn po nínú àláwáǹsì, ní ½ íǹṣì sí etí. Ọrùn tó rí róbótó ń là sí i bí o ṣe ń gbé e kiri, ìlà yẹn ló ń dì í mú. Lẹ́yìn náà gé voile ní ìdabú, ibi tí òwú lílọ àti òwú ìbú ti pín sí méjì gẹ́lẹ́, kó fẹ̀ ní íǹṣì kan àti ¼. Rán an mọ́ ọrùn lójú, rẹ́ àláwáǹsì kù sí ¼, yí bàyáàsì sínú, ṣẹ́ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀, rán an. Fà á díẹ̀ bí o ṣe ń rán an mọ́ ọrùn, tí o kò bá fà á, ọrùn á máa dìde sókè. Bí ó ṣe ń yí ni kó o máa fà á.

Ìsàlẹ̀: ìṣẹ́tí tín-ín-rín. Rán ìlà kan ní ¼ sí etí, ṣẹ́ ẹ sókè lórí ìlà náà, lọ̀ ọ́, tún ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan sí i, rán an.

Dúdúyẹmí_Èkó

Gbogbo ìwọ̀nyí nítorí búláòsì kan. Èmi á gbé tèmi fún télọ̀.

BàbáTélọ̀_Mókọ́lá

Gbé e wá sí Mókọ́lá. Ṣùgbọ́n má dé lọ́jọ́ mẹ́ta sí ọdún kó o ní ọ̀la lo fẹ́ ẹ.

Àbẹ̀kẹ́_Peckham

😂😂 Ẹ ṣé, gbogbo yín. Ọrùn ti parí, apá ti wọlé, kò kó jọ. Ó ku ẹ̀yìn ọrùn tó là, ibi tí bọ́tìnnì ń bọ̀. Máṣíìnì mi mọ ihò bọ́tìnnì ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀rù aṣọ yìí ń bà mí.

BàbáTélọ̀_Mókọ́lá

Má lu ihò sára voile, á ya. Nínú bàyáàsì tó kù lọ́wọ́ rẹ, gé èyí tó tín-ín-rín, rán an di ọ̀pá òfìfo, fi abẹ́rẹ́ àti òwú fà á yí padà, ó di okùn. Ká a ní ìlọ́po, wọn bọ́tìnnì rẹ sí i kó o tó rán an, kó fún díẹ̀, torí á là sí i. Ki ìdí rẹ̀ bọ abẹ́ bàyáàsì ọrùn lápá kan, rán an lọ síwá sẹ́yìn kó dúró. Bọ́tìnnì ń lọ sí apá kejì.

Àbẹ̀kẹ́_Peckham

Bọ́tìnnì títóbi wo ni sà? Mo ní èyí tó fẹ̀ bíi 5/8, ti irin ni.

BàbáTélọ̀_Mókọ́lá

Rárá, irin á fa ọrùn sẹ́yìn. Mú ti rọ́bà tàbí ti ìkarahun, kó má ju 3/8 lọ. Fi ègé voile kékeré kan ṣẹ́po sẹ́yìn ibi tí o máa rán an mọ́, kí òwú bọ́tìnnì má bàa já aṣọ.